Orville Tveit Kì Í Gba Kíkọ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì

Gbogbo ará Nordby ló mọ ìtàn ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ mú Orville Tveit jáde nínú ilé tí ìjọba ń kó àwọn ìwé ogun pamọ́ sí, nítorí àwo lefse kan. Marlys Aakre ló wa ọkọ̀ gbé e lọ, ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ àwọn tí kò kúrò ní Minnesota lọ́jọ́ náà ló mọ̀ ọ́n sọ jù ú lọ.

Ní yàrá ìkàwé ilé náà, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú báírò wọlé, ká má tilẹ̀ sọ ti oúnjẹ. Pẹ́ńsù nìkan. Wọ́n ń yẹ àpò wò ní wíwọlé, wọ́n ń yẹ ìwé wò ní jíjáde. Orville, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, fi kóòtù bo àwo rẹ̀ mọ́ àyà, ó gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn kọjá. Ó jókòó, ó ń kàwé jẹ́jẹ́ títí ọmọbìnrin tó ń bójú tó yàrá náà fi dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀. Ìgbà náà ló ṣí àwo. Búrẹ́dì ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi bọ́tà àti ṣúgà pa á lára, wọ́n sì ká a bí ẹní.

"Jẹ ẹyọ kan, ọmọ mi."

"Rárá o, sà. Wọn kì í mú oúnjẹ wọ ibí."

"Òótọ́ ni, òótọ́ ni." Orville rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka ìlà méjì nínú ìwé iwájú rẹ̀, ó wá gbójú sókè. "Èyí tó kéré yìí ńkọ́?"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó. A máa lé yín jáde o."

"Wọ́n tọ́ ọmọ yìí dáadáa," Orville sọ sétí Marlys. Ó tún gbé àwo náà sókè. "Ìdajì péré."

Ọmọbìnrin náà tẹ agogo.

Ẹ má bínú sí i. Ní Nordby, ẹni tí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀, tó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kánjúwà ni. Ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ebi ló ń pa á. Ẹni tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó wá gbà á lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni pé wọ́n fi ipá mú un, òun ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́. Ibi tí ẹlòmíràn fi àṣà yìí mọ ni ìdí kọfí. Orville ní tirẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí, àti ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀ṣọ́ tó mú un jáde jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ìta, Orville na àwo sí i. Ó ní rárá, òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Orville tún nà án. Ó wẹ̀yìn wò, ó ní rárá o, bàbá. Nígbà kẹta, ó jẹ mẹ́ta.

"Ṣé o rí i, Marlys?" ni Orville wí.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sọ ni ohun tó wà nínú ìlà méjì tí Orville kà láàárín ìgbà kìíní àti ìgbà kejì. Èyí náà á dé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Orville fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wàrà ìlú wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ wàrà àwọn àgbẹ̀ wò: kó fi imú gbọ́ ọ, kó wọn ọ̀rá inú rẹ̀, kó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé gbọọrọ kan. Ọdún tó fẹ̀yìn tì náà ni Verna ìyàwó rẹ̀ kú, ilé wá dá wáí. Bó ṣe di pé ó ń sọ̀kalẹ̀ wá sí àjà ilẹ̀ ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, níbi tí Marlys ti ń tọ́jú àwọn ìwé tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́. Lọ́dún yẹn, ẹni tó wọlé tọ Marlys wá jù lọ ni ọkùnrin tó ń tún páìpù ṣe.

"Níbo ni ogun wà?" Orville béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ogun wo, Ọ̀gbẹ́ni Tveit?"

"Èyí tí wọn ò jẹ́ kí n lọ."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dún 1944, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun, wọ́n ní etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi fìlà bo etí, ó padà lọ. Wọ́n ṣí fìlà. Ó tún lọ nígbà kẹta, wọ́n tún dá a padà, ó sì gbà. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀ mí," ló máa ń wí, láìbínú rárá. "Ìyẹn ti parí." Gbogbo kíkọ̀ yòókù láyé, lójú Orville, wọn ò tíì parí.

Marlys nawọ́ sí àwọn pẹpẹ ìwé tó wà lápá ọ̀tún. Orville lọ sí ìgun òsì pẹpẹ náà pátápátá, ó yọ ìwé àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọdún méjìlá ló fi ń bọ̀ lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ ìsinmi.

Bó ṣe ń yẹ wàrà wò ló ṣe ń yẹ ìwé wò. Marlys rí i tó gbé ìròyìn ọ̀gágun kan sí imú. Ó ní ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an, tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń gbọ̀n, wàrà òòjọ́ ni. Èyí tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ kejì, wàrà àná ni, kò tíì burú. Ìtàn tí èèyàn wá jókòó sọ lẹ́yìn ogún ọdún, wàràkàṣì ni.

"Ṣé wàràkàṣì ò dáa ni?" Marlys bi í.

"Ta ló ní kò dáa? Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bó o jẹ ẹ́ dọ̀la, o ò lè sọ màlúù tó ti wá."

Ó tún ní ọmọ ogun kì í rìn kó má fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí fáìlì rẹ̀ bá sọnù, dókítà eyín kan wà tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan wà tó fún un ní bàtà, ẹnìkan ń ka orí wọn láràárọ̀, ẹnìkan sì ń kọ ibi tí wọ́n sin òkú sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣèèṣì já sí àjà ilẹ̀ máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu rẹ̀: "Má bi ọ̀gágun. Bi ẹni tó ń se oúnjẹ."

Báyìí ló ṣe bá opó Selmer Dahlen rí ìwé eyín ọkọ rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni Selmer fi ya ẹnu han àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ pé ọta ìbọn ló yọ eyín iwájú òun. Ìwé náà ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Texas ni eyín ti yọ, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá, súìtì líle ló sì yọ ọ́. Opó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Orville ṣe ẹ̀dà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Duane Haugstad, alága ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́, lọ sógun gan-an, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ìrántí àwọn òkú ogun ní ìparí oṣù karùn-ún, ó máa ń dúró níwájú ilé ẹjọ́, á sọ bí yìnyín ṣe kún ilẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òun gba afárá kan lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tí Marlys wà lọ́mọdé, orúnkún ni yìnyín náà dé. Nígbà tó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti dé ìdí. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó ti dé àyà, Duane sì ti ń fi ọwọ́ kan ọrùn. Lẹ́yìn ètò, nídìí kọfí ní àjà ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Orville yọ fọ́tòkọ́pì kan, ó fi tìfẹ́tìfẹ́ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

"Kí nìyí?" ni Duane wí.

"Ohun tí ọ̀gá rẹ kọ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ní aago méje. Òjò ni, Duane. Òjò winniwinni. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀ ni, àbí èmi?"

"Ìwọ ni."

"Ìwọ tí o ò wọ bàtà ogun rí láyé ẹ!"

"N ò wọ̀ ọ́ rí. Ohun tó jẹ́ kí n máa kàwé nìyẹn."

Duane ká fọ́tòkọ́pì náà wẹ́wẹ́, ó tì í bọ àpò bí ẹni tó fẹ́ lọ sun ún níná, ó fi kọfí sílẹ̀, ó jáde. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò kí Orville, ní ìlú tí a ti ń kí ajá oníajá. Orville kò mọ ohun tó ṣe é. Ó ní ẹ̀bùn lòun fún un.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí Gudrun Lien fi ọ̀pá sọ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún kalẹ̀ wá sí àjà ilẹ̀, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Orville dìde dúró. Ó máa ń dìde fún un níbikíbi. Gudrun, tó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ló kọ́ ọ nílé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, òun àti Palmer, àbúrò Gudrun fúnra rẹ̀. Yóò pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á dìde, á ní, "Mo wà." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń pe Orville, nítorí etí òsì rẹ̀. Palmer kì í jẹ́ kó pe òun tán kó tó fò dìde.

"Orville, wọ́n ní o máa ń rí ohun tó sọnù."

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, Tíṣà. Ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Bí mo bá jókòó, ta ni yóò gbé mi gun àtẹ̀gùn yẹn?"

Ọ̀rọ̀ Palmer ló bá wá. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí ní Nordby, a kàn máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ ni. Ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1944, nínú igbó kan ní ilẹ̀ Jámánì, Palmer Lien, ọmọ ọdún méjìlélógún, di àwátì. Nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, wọ́n rí òkú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè kan tó jìnnà sí ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọmọ ogun kan tó ti ogun náà bọ̀ wá sọ níbí pé wọ́n ní ńṣe ló ń sá lọ. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn òkú ogun sára òkúta iwájú ilé ẹjọ́, wọ́n fo orúkọ Palmer. Ìyá rẹ̀ kò gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Òkúta àtijọ́ náà ti wá là báyìí, òtútù ló là á. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ tuntun. Duane ni alága, ó sì ti sọ fún Gudrun láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba, kí oṣù kẹrin tó wọlé; òun ò lè fi "wọ́n ní" gbẹ́ òkúta.

"N ò bẹ̀ ọ́ pé kó o sọ ọ́ di akọni," Gudrun sọ. "Bó bá sá, jẹ́ kí n mọ̀ pé ó sá. Ọmọ kékeré ni, ẹ̀rù lè bà á. Ṣùgbọ́n Orville, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń gbé pẹ̀lú 'wọ́n ní'. Má jẹ́ kí n bá a wọ sàréè."

Orville dúró síbẹ̀, ó di fìlà mú. "Wàràkàṣì ni, Tíṣà," ló wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kí n wá màlúù."

Ó kọ ìwé sí ilé tí ìjọba ń kó àwọn ìwé ogun pamọ́ sí lọ́jọ́ yẹn. Èsì dé nínú oṣù kọkànlá: fáìlì Palmer Lien kò sí, iná ti jó o. Marlys kà á, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ogún ọdún ni òun ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé bí ọ́fíìsì bá ní kò sí, kò sí nìyẹn, ẹ máa lọ ilé. Orville ní tirẹ̀ ń gbé ìwé náà kiri bí ìwé ìpè ìgbéyàwó.

"Wọ́n ti dáhùn! Ìyẹn ni ìkínní."

"Ọ̀gbẹ́ni Tveit, wọ́n ní iná ti jó o."

"Iná jó fáìlì. Ṣé wọ́n ní iná jó ìwé àárọ̀?"

Ìwé àárọ̀ ni èyí tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ láràárọ̀, ìbáà jẹ́ abẹ́ igi ni wọ́n sùn: ta ló dé, ta ló ṣàìsàn, ta ni kò sí. Iná kò jó ìyẹn. Ohun tó gbé wọn rìn ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ nínú yìnyín oṣù kìíní nìyẹn, Marlys ń wakọ̀, Orville gbé àwo lefse sórí itan. Wọ́n béèrè ìwé oṣù kọkànlá àti ti oṣù kejìlá. Wọ́n gbé ti oṣù kọkànlá fún wọn. Ti oṣù kejìlá, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé béèrè rẹ̀ tó bá yá.

Ìlà méjì tí Orville kà láàárín ìgbà kìíní àti ìgbà kejì nìyí: *Ogúnjọ́ oṣù. Lien, Palmer: kò sí níbi iṣẹ́, kò gbàṣẹ.*

Wàrà òòjọ́ ni. Ó sì bá wàràkàṣì mu.

Marlys kà á láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí i tí ọwọ́ bàbá náà dúró lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè tó fi èyí tó kéré lọ ọmọbìnrin yẹn. Marlys bi í nígbà tó yá pé kí ló dé tó tún ń pín oúnjẹ lẹ́yìn irú ìyẹn. Ó ní ọmọ náà kọ́ ló kọ ọ́, ó kàn gbé e wá ni.

Nígbà tí wọ́n ti rin ìrìn wákàtí mẹ́ta lọ́nà ilé, Orville na ìka méjì sókè.

"Ìyẹn ni èkejì," ló wí.

"Ọ̀gbẹ́ni Tveit..."

"Lọ́dún 1957, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wàrà Selmer Dahlen ti kan. Gbogbo ìlú gbọ́. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ò jókòó tì í mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo mọ̀ pé wàrà ò ní nǹkan kan, ọ̀fìnkìn ló dí mi nímú. Ṣé o mọ ibi tí mo ti tún un kọ?"

"Ojú ewé ọjọ́ náà?"

"Ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìyẹn, ta ló fẹ́ gbé e padà lọ bá a? Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo kọ ọ́ sí, nísàlẹ̀ pátápátá. Mo kọ ọ́ kékeré. Selmer ò rí i títí ó fi kú." Ó wo yìnyín tó tẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, Marlys, kì í tún un ṣe lójú ewé tó ti ṣe é. Oṣù kejìlá ni mo fẹ́ rí."

Ó kọ ìwé ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kẹta náà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, ó lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, ó sì fi pamọ́ sínú fọ́ódà rẹ̀ ní àjà ilẹ̀. Orí fẹ́ fọ́ Marlys.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n lè máa rò pé ebi ń pa wá? A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. A kì í béèrè ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta láìjẹ́ kí onílé mí." Ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsù: *Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì.*

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì, Orville Tveit sùn, kò jí.

Ní àjà ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ń sọ ìtàn lefse láti tábìlì kan dé òmíràn, ẹ̀ṣọ́ náà sì ti jẹ mẹ́fà kí ìtàn náà tó dé ọ̀dọ̀ Marlys. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Duane dá jókòó sí ìgun kan, kò fọwọ́ kan kọfí. Gudrun di ọwọ́ Marlys mú nígbà tó ń lọ.

"Ó gbìyànjú," ni Gudrun wí. "Ìyẹn náà tó."

Kò tó. Marlys mọ̀ pé kò tó. Ó lọ tààrà sí àjà ilẹ̀ ilé-ìkàwé, ó ṣí fọ́ódà, ó mú ìwé náà. Ó fi ìwé pélébé kan tì í lẹ́yìn: *Ọ̀gbẹ́ni Tveit ti kú. Èmi ni mo ń bá a béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.* Ó dé iwájú àpótí ìfìwéránṣẹ́, ó nawọ́, ló bá rí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn àpò ìwé. Ọjọ́ keje oṣù nìyẹn. Oṣù kẹrin ń sáré bọ̀, òun sì ni ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró nínú òtútù, ó bá òkú jà díẹ̀, ó mú ìwé padà sílé, ó sì dúró de ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi gbúròó nǹkan kan. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, àpò ìwé ńlá kan dé. Ìwé àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ló wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ orúkọ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú, akọ̀wé kan tó ti rẹ̀ ti kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé: *Àtúnṣe sí ogúnjọ́ oṣù tó kọjá. Lien, Palmer: ẹ pa "kò gbàṣẹ" rẹ́. A yá a fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ kejì láti gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè. Ó gbé mẹ́rin. Ó padà lọ gbé ìkarùn-ún, a ò rí i mọ́.*

Pépà kékeré kan tún wà níbẹ̀, ọwọ́ ọmọbìnrin tó tẹ agogo ló kọ ọ́. Kò ju ìlà kan lọ: *Ó yẹ kí n ti jẹ ìdajì yẹn.*

Marlys gbé e lọ sílé Gudrun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gudrun fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó kà á, ó tún un kà, ó gbé awò náà kalẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ kékeré," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó padà lọ," ni Gudrun wí. "Marlys, ó padà lọ." Ó wá sunkún, tohùn tohùn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún. Marlys bá a sun ún.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Duane, ó ku ọjọ́ kan kí oṣù kẹrin wọlé. Duane kà á lórí ìdúró. Ó fi àtàǹpàkò kan òǹtẹ̀ náà. "Ó pé," ló wí, ó sì yíjú sí fèrèsé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Èyí lọ fún ọgọ́ta ọdún ó dín ọ̀kan.

Ní Ọjọ́ Ìrántí, gbogbo Nordby pé síwájú ilé ẹjọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bo òkúta tuntun. Gudrun jókòó níwájú, Marlys wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Duane gun orí pèpéle, ó gbá makirofóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a gba afárá náà, yìnyín..."

Ó wo òkúta tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn ọmọdé tó ti gbé ọwọ́ sí ọrùn, láti fi han ara wọn ibi tí yìnyín máa dé lọ́dún yìí, dúró gan-an.

"Òjò ni," ni Duane wí. "Òjò winniwinni. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

Duane ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó yọ fọ́tòkọ́pì kan tó ti rún, tí wọ́n ti ká wẹ́wẹ́, ó tú u. "Ó wà nínú ìwé," ló wí. Ẹ̀rín bú, èèyàn ń gbá ara wọn léjìká, Marlys rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá áńkáṣíìfù. Kò sí ẹni tí kò wo àárín èrò, níbi tí Orville ìbá jókòó sí, bóyá ó gbọ́.

Wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta. Duane bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ, ó ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn bí àṣà, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn, nítorí a kì í dáhùn.

"Lien, Palmer."

Gudrun fi ọ̀pá rẹ̀ lé Marlys lọ́wọ́. Ó dìde, ó nà ró ṣánṣán.

"Ó wà," ló wí, pẹ̀lú ohùn tí ẹni tí etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn pàápàá á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.